Nítorí ọmọ dúdú kan ṣoṣo, gómìnà fárígá: Ọ̀rọ̀ tí wọn ò kọ sínú ìwé èsì Sugar Bowl

Tẹ́ ẹ bá ṣí ìwé tí wọ́n ń kọ èsì ìdíje Sugar Bowl sí, tẹ́ ẹ wá ọdún 1956 kàn níbẹ̀, ìlà kan péré lẹ máa bá: Georgia Tech 7, Pittsburgh 0. Wọ́n á tún fi kún un pé Franklin Brooks ti Georgia Tech ló gba àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù lọ́jọ́ náà. Ó tán. Ẹni tó bá kà á, á kàn rò pé bọ́ọ̀lù tí ò dùn ni wọ́n gbá lọ́dún yẹn ni, á sì ṣí i kọjá.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tó wà nídìí méje sí òdo yẹn, kékeré kọ́ o. Gómìnà kan torí ẹ̀ fárígá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì torí ẹ̀ fi àkísà ṣe ọmọláńgidi gómìnà, wọ́n sì dáná sun ún. Àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ mìíràn náà torí ẹ̀ jókòó, wọ́n ṣòfin, òfin ọ̀hún sì dé iwájú ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà. Ọmọ dúdú kan ṣoṣo ló fa gbogbo wàhálà náà. Bobby Grier lorúkọ ẹ̀, kò sì tíì pé ọmọ ọdún 23 nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bẹ́ sílẹ̀. Kò bú ẹnikẹ́ni, kò ja ẹnikẹ́ni lólè. Ó kàn fẹ́ bá ikọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ gbá bọ́ọ̀lù ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ti ibi pẹlẹbẹ mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ, torí àwọn tí wọn ò mọ bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà. Kì í ṣe irú èyí tí olóògbé Rashidi Yẹkini fi sọ ara ẹ̀ di gbajúmọ̀ o. Bọ́ọ̀lù tiwọn gùn ṣoroṣoro bí ìbẹ́pẹ kékeré, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń gbé e sáré tàbí jù ú síra wọn. Èèyàn mọ́kànlá ló wà lápá kan bíi tiwa, àmọ́ gbogbo wọn ló dé akoto sórí bí ọlọ́kadà tó ń bẹ̀rù Road Safety, torí pé kí wọ́n rọ́ lu ara wọn wà nínú eré náà. Ikọ̀ tó bá gbé bọ́ọ̀lù wọ ilé àwọn alátakò gba póìntì mẹ́fà. Tí wọ́n bá tún wá fẹsẹ̀ gbá a gba àárín òpó méjì, wọ́n á fún wọn ní ẹyọ kan sí i, ó di méje. Tó bá jẹ́ pé wọn ò lè gbé e wọlé, tí wọ́n wá fẹsẹ̀ gbá a láti ọ̀ọ́kán, tó sì bọ́ sáàárín òpó, mẹ́ta nìyẹn. Tí wọ́n bá sì ká ẹ mọ́ inú ilé ìwọ fúnra ẹ, wọ́n á fún alátakò ẹ ní méjì. Ó parí, èyí tó kù kò ju ariwo lọ.

Sugar Bowl wá ńkọ́? Ìdíje ọdọọdún ni, àwọn ọmọ yunifásítì ló ń gbá a, ìlú New Orleans ní ìpínlẹ̀ Louisiana ni wọ́n ti ń gbá a, ní àsìkò ọdún tuntun. ‘Bowl’ tí wọ́n ń pè é yẹn, abọ́ náà ni. Pápá ìṣeré kan tí wọ́n kọ́ bí abọ́ ràgàjì sí ìlú Pasadena, ní California, tí wọ́n ń pè ní Rose Bowl, ni orúkọ náà ti ràn, nígbà tó yá, gbogbo ìlú tó bá fẹ́ kí àlejò wá náwó lọ́dún tuntun ló dá abọ́ tiẹ̀ sílẹ̀. Àwọn kan ní abọ́ ọsàn, àwọn kan ní abọ́ òwú. Àwọn ará New Orleans ní tàwọn, abọ́ ṣúgà ni. Oníròyìn eré ìdárayá kan, Fred Digby, ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 1935 ni wọ́n gbá àkọ́kọ́, Tulane sì na Temple ní 20 sí 14.

Orúkọ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ pápá ìṣeré Tulane lé lórí, níbi tí wọ́n ti gbá Sugar Bowl fún ogójì ọdún, oko ìrèké ni tẹ́lẹ̀. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Étienne de Boré ló ni oko náà, lọ́dún 1795 sì ni wọ́n se omi ìrèké níbẹ̀ títí tó fi di ṣúgà oníhóró tó ṣeé tà. Òun ni wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ sínú ìwé. Àwọn tó gé ìrèké ọ̀hún, tí wọ́n dúró ti iná rẹ̀ tọ̀sán-tòru, ẹrú ni wọ́n, èèyàn dúdú tí wọ́n kó láti Áfíríkà àtàwọn ọmọ wọn. Ibi tí àwọn bàbá ńlá èèyàn dúdú ti ṣiṣẹ́ láìgbowó nìyẹn o, ibẹ̀ náà ni wọ́n wá ní ọmọ wọn ò gbọ́dọ̀ wọ̀ láti gbá bọ́ọ̀lù.

Àwọn ọdún àkọ́kọ́ mú àbájáde tó pani lẹ́rìn-ín wá. Lọ́dún 1936, òjò sọ pápá di ẹrẹ̀, TCU fi 3 na LSU tó ní 2. Ẹ gbọ́ mi yé o, 3 sí 2 nínú eré tí wọ́n ti ń jẹ 30, 40! Lọ́dún 1942, tọdún yẹn tún burú ju ìyẹn lọ, Fordham ní 2, Missouri ní òdo. Kò tíì sí Sugar Bowl mìíràn tí póìntì ẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ti 1941 kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Boston College ló na Tennessee ní 19 sí 13 lọ́dún yẹn, inú ìlú Boston dùn ṣìnkìn. Ọmọ dúdú kan wà nínú ikọ̀ Boston College tó ń jẹ́ Lou Montgomery. Ọ̀kan lára àwọn tó bá wọn ṣiṣẹ́ tí wọ́n fi yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń pè ni. Nígbà tọ́jọ́ pé, wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ wọ pápá, torí Gúúsù ni wọ́n wà, èèyàn dúdú àti òyìnbó kì í jọ gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀, wọn ò jà. Wọ́n gba ife ẹ̀yẹ, wọ́n lọ sílé. Ohun tí wọ́n ń ṣe nìyẹn nígbà náà, tí wọ́n bá ti ní kí ẹ fi ọmọ dúdú yín sílẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ ni.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ 1955 fi yàtọ̀.

Yunifásítì Pittsburgh, tí wọ́n ń gé kúrú sí Pitt, wà ní apá Àríwá Amẹ́ríkà. Georgia Tech wà ní Atlanta, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Georgia, ní Gúúsù. Àwọn méjèèjì ni ìgbìmọ̀ Sugar Bowl pè fún eré tí wọ́n fẹ́ gbá ní ọjọ́ kejì, oṣù kìíní, ọdún 1956. (Ọjọ́ kìíní bọ́ sí Sunday lọ́dún yẹn ni wọ́n fi sún un síwájú.) Bobby Grier nìkan ni ọmọ dúdú tó wà nínú ikọ̀ Pitt. Gbogbo èèyàn ló mọ̀, kì í ṣe ohun tí wọ́n fi pamọ́. Pitt ti sọ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé bí Grier ò bá wọ pápá, àwọn ò wá. Wọ́n tún ní apá ibi tí àwọn èrò Pitt máa jókòó sí, wọn ò gbọ́dọ̀ ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ gbà. Àwọn agbábọ́ọ̀lù Georgia Tech pàápàá, nígbà tí wọ́n bi wọ́n, wọ́n ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, àwọn á gbá a. Wọ́n tiẹ̀ ní gómìnà Georgia, Marvin Griffin, ti sọ fún kóòṣì wọn, Bobby Dodd, ní kọ̀rọ̀ pé òun ò ní dí wọn lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n olóṣèlú ni gómìnà, ẹ sì mọ̀ pé ohun tí olóṣèlú bá sọ ní kọ̀rọ̀, ó lè má rántí ẹ̀ mọ́ tó bá dé gbangba. Ọdún kan ààbọ̀ ṣáájú ìgbà yẹn, lóṣù karùn-ún ọdún 1954, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ti dájọ́ pé wọn ò gbọ́dọ̀ ya ilé-ìwé ọmọ dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára ti ọmọ funfun mọ́, inú sì ń bí àwọn òyìnbó Gúúsù burúkú-burúkú. Ní ọjọ́ kìíní, oṣù Kejìlá, ọdún 1955, ní ìlú Montgomery, ìpínlẹ̀ Alabama tó múlé ti Georgia, obìnrin aránṣọ kan tó ń jẹ́ Rosa Parks kọ̀, kò dìde fún òyìnbó nínú bọ́ọ̀sì, ọlọ́pàá sì gbé e. Ọjọ́ kejì tí ìyẹn ṣẹlẹ̀ gan-an ni Gómìnà Griffin tẹ wáyà sí ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso àwọn yunifásítì ìpínlẹ̀ Georgia. Ó ní wọn ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí Georgia Tech lọ. Ó ní kò sí ìyàtọ̀ nínú kí dúdú àti funfun jọ wà nínú pápá àti kí wọ́n jọ wà nínú kíláàsì, pé bí wọ́n bá fi lè gba ìka, wọ́n máa gba apá. Ó ní ogun Amágẹ́dọ́nì tí Bíbélì sọ ti dé sí Gúúsù.

Amágẹ́dọ́nì! Nítorí ọmọ kan tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù.

Ohun tí gómìnà ò rò ló ṣẹlẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Georgia Tech tú síta, wọ́n pọ̀ bí eéṣú. Òyìnbó ni gbogbo wọn o, torí Georgia Tech ò tíì gba ọmọ dúdú kankan wọlé nígbà náà, ó di 1961. Wọ́n ṣe ọmọláńgidi gómìnà, wọ́n fi iná sí i, wọ́n rọ́ lọ sí ilé ìjọba, wọ́n sì rọ́ lọ sí ilé tí gómìnà ń gbé, wọ́n ń pariwo. Ọlọ́pàá ò rójú ráyè títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Ká má parọ́, kì í ṣe pé gbogbo àwọn ọmọ wọ̀nyẹn fẹ́ràn èèyàn dúdú. Bọ́ọ̀lù wọn ni wọ́n ń jà fún. Wọ́n ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti ń múra àríyá New Orleans, gómìnà wá fẹ́ bà á jẹ́. Àmọ́ ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ pé ohun tí wọ́n ń jà fún àti ẹ̀tọ́ Bobby Grier wá di ọ̀kan náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, èèyàn ò sì gbọ́dọ̀ ṣàìmoore.

Ẹni tó ṣe gudugudu méje nínú ọ̀rọ̀ náà ni ọ̀gá àgbà Georgia Tech, Blake Van Leer. Ó lọ síwájú ìgbìmọ̀, ó ní òun ò tíì yẹ àdéhùn rí, bí wọn ò bá jẹ́ kí ikọ̀ òun lọ, kí wọ́n tètè lọ wá ọ̀gá mìíràn. Nígbà tí ìgbìmọ̀ dìbò ní ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kejìlá, wọ́n gbà kí wọ́n lọ. Wọ́n tún fọgbọ́n òṣèlú kún un, wọ́n ní ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ inú ìpínlẹ̀ Georgia ni wọ́n ti fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, òfin ìpínyà ṣì dúró. Ọ̀rọ̀ yẹn gba agbára lára Van Leer púpọ̀. Oṣù tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù náà ò tíì tán tó fi kú.

Ọjọ́ wá pé. Ọjọ́ kejì, oṣù kìíní, ọdún 1956. Grier jáde sí pápá Tulane, ọmọ dúdú àkọ́kọ́ tó máa gbá Sugar Bowl láti ọdún 1935. Ojú gbogbo èèyàn ló wà lára ẹ̀. Ká sọ pé bọ́ọ̀lù náà kàn lọ jẹ́ẹ́jẹ́ ni, ìtàn ì bá ti parí síbẹ̀. Àmọ́ ní ìdá àkọ́kọ́ eré náà, Georgia Tech ju bọ́ọ̀lù sí ẹni wọn kan, Don Ellis, nítòsí ilé Pitt. Grier ló ń ṣọ́ ọ. Bọ́ọ̀lù fò kọjá lórí Ellis. Nígbà tí gbogbo èèyàn fi máa wò, Grier ló wà nílẹ̀, ó ṣubú lulẹ̀ gbalaja. Rẹfirí kan wá ju aṣọ sílẹ̀, ó ní Grier ló ti Ellis.

Ẹ ronú sí i. Ẹni tó wà nílẹ̀ ni wọ́n ní ó ti ẹni tó wà lórí ìdúró. Grier ní ẹ̀yìn ni wọ́n ti ti òun. Ta ló fẹ́ gbọ́? Òfin eré nígbà náà ni pé tí wọ́n bá fi irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ kàn ẹ́ nínú ilé ẹ, wọ́n á gbé bọ́ọ̀lù sí yáàdì kan péré sẹ́nu ọ̀nà ẹ. Wọ́n gbé e síbẹ̀. Láìpẹ́, Wade Mitchell gbé e wọlé, ó tún fẹsẹ̀ gbá ẹyọ kan tó kù. Méje nìyẹn. Títí eré náà fi parí, ẹnikẹ́ni ò jẹ ohun mìíràn mọ́. Georgia Tech ò ju bọ́ọ̀lù kankan síra wọn kó bọ́ sọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yìí ni rẹfirí fún wọn. Pitt ló gbé bọ́ọ̀lù rìn jù, Grier fúnra ẹ̀ ló sì sáré jìnnà jù nínú gbogbo wọn, yáàdì 51, àmọ́ wọn ò ráyè wọlé.

Nígbà tí wọ́n padà sí yàrá tí wọ́n ti ń pàrọ̀ aṣọ, Grier sunkún. Àwòrán tí wọ́n yà lọ́jọ́ náà fi hàn pé nílẹ̀ ló wà, ìròyìn sì sọ pé rẹfirí ọ̀hún wo fíìmù rẹ̀ nígbà tó yá, ó sì gbà pé òun ṣàṣìṣe. Àmọ́ wọn kì í fi àṣìṣe rẹfirí yọ póìntì kúrò nínú ìwé.

Ẹ má rò pé ibẹ̀ ló ti parí o. Àwọn aṣòfin Louisiana rí i pé ọmọ dúdú ti gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú òyìnbó ní ìlú àwọn, pé ojú ọ̀run ò sì já. Ìyẹn ló tún bí wọn nínú. Nínú ọdún 1956 yẹn náà, wọ́n ṣòfin pé dúdú àti funfun ò gbọ́dọ̀ jọ ṣeré ìdárayá kankan ní gbogbo ìpínlẹ̀ náà, gómìnà wọn, Earl Long, sì buwọ́ lù ú. Bí Sugar Bowl ṣe di abọ́ àdágbọ́n nìyẹn. Àwọn yunifásítì Àríwá tó ní ọmọ dúdú ò lè wá, fún ọdún mélòó kan, kìkì ikọ̀ òyìnbó Gúúsù ló ń pe ara wọn. Ìdíje tí wọ́n dá sílẹ̀ kí àlejò lè wá, òfin ló lé àlejò lọ.

Abẹ̀ṣẹ́kù-bí-òjò kan, ọmọ dúdú New Orleans tó ń jẹ́ Joseph Dorsey, ló gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, òfin ní kò gbọ́dọ̀ bá òyìnbó jà fowó, ìyẹn sì ń dín owó tó yẹ kó wọlé fún un kù. Ó borí ní ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ lọ́dún 1958, lọ́dún 1959, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má yẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ò gbá bọ́ọ̀lù rí ló ṣílẹ̀kùn fáwọn agbábọ́ọ̀lù. Síbẹ̀, ó ṣì di ọjọ́ kìíní ọdún 1965 kí ikọ̀ tó ní ọmọ dúdú tó tún wọ pápá Sugar Bowl. Syracuse ni, àwọn bíi Floyd Little àti Jim Nance wà níbẹ̀. LSU na wọ́n ní 13 sí 10, àmọ́ tọ́rọ̀ bá ti dójú ẹ̀, ta ló ń wo èsì?

Ọdún kan ṣáájú ìyẹn, lọ́dún 1964, yìnyín bọ́ ní New Orleans, ohun tí wọn kì í sábà rí níbẹ̀ rárá. Wọ́n ní láti kó o kúrò lórí pápá kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù. Alabama na Ole Miss ní 12 sí 7, ẹsẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo, Tim Davis, ló sì gbá gbogbo méjìlá náà wọlé, mẹ́ta-mẹ́ta lọ́nà mẹ́rin. Alabama yìí náà ni àgbà Sugar Bowl, kò sí yunifásítì tó tíì lọ síbẹ̀ tó o, ó ti lé ní ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Lópin ọdún 1975 ni wọ́n kó kúrò nílẹ̀ oko ìrèké, wọ́n lọ sí Superdome, pápá tó ní òrùlé. Ibẹ̀ ni Pitt ti padà wá gba ẹ̀tọ́ ẹ̀. Ọjọ́ kìíní ọdún 1977 ni, ọdún mọ́kànlélógún lẹ́yìn ẹkún Grier. Ta ni wọ́n gbé pàdé wọn? Yunifásítì Georgia. Kì í ṣe Georgia Tech o, àmọ́ ìpínlẹ̀ kan náà ni. Lọ́tẹ̀ yìí, ọmọ dúdú kan tó ń jẹ́ Tony Dorsett ló ń gbé bọ́ọ̀lù fún Pitt. Ó sáré títí ó fi kó yáàdì 202, ẹnikẹ́ni ò ṣerú ẹ̀ rí ní Sugar Bowl. Pitt na Georgia ní 27 sí 3, wọ́n sì di aṣíwájú gbogbo Amẹ́ríkà lọ́dún yẹn. Lọ́dún 1982, Pitt tún pàdé Georgia níbẹ̀, wọ́n tún nà wọ́n, 24 sí 20.

Àkọsílẹ̀ yáàdì yẹn nìkan tó èèyàn í sọ̀rọ̀ lé lórí. Dorsett ló ni ín fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ẹni tó gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ ni Steve Slaton ti West Virginia, lọ́dún 2006, pẹ̀lú yáàdì 204. Lọ́dún 2015, Ezekiel Elliott ti Ohio State sáré 230 nígbà tí wọ́n na Alabama ní 42 sí 35. Ọmọ dúdú ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Àwọn ará Georgia náà ti yíwà padà kó tó dìgbà yẹn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà lọ́jọ́ kìíní ọdún 1981, èjìká ọmọ dúdú ni wọ́n gbé e lé. Ọmọ Georgia pọ́ńbélé ni, Herschel Walker, ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ ní yunifásítì ló ṣì wà. Eré ò tíì le tí èjìká rẹ̀ fi yẹ̀. Wọ́n dá a padà sáyè, ó tún wọlé, ó sáré yáàdì 150, Georgia na Notre Dame ní 17 sí 10. Odidi ìpínlẹ̀ tó ní ogun Amágẹ́dọ́nì dé ló ń pariwo orúkọ ẹ̀.

Ti Slaton lọ́dún 2006 tún ní èyí tó yani lẹ́nu nínú. Ìjì Katrina ti ba New Orleans jẹ́ lóṣù kẹjọ ọdún 2005. Superdome di ibi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sá sí, dúdú ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Òrùlé rẹ̀ bàjẹ́, kò ṣeé gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n wá gbé Sugar Bowl lọ sí ìlú mìíràn. Ìlú wo? Atlanta, ìlú tí Gómìnà Griffin ti tẹ wáyà. Ọjọ́ wo? Ọjọ́ kejì, oṣù kìíní, ọdún 2006, àádọ́ta ọdún géérégé sí ọjọ́ tí Grier gbá tiẹ̀. West Virginia 38, Georgia 35.

Yorùbá náà ti dé ibẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní ọdún 2020, nígbà tí Georgia na Baylor ní 26 sí 14, ọ̀kan lára àwọn tó ń dí ọ̀nà mọ́ Baylor ni Azeez Ojulari. Marietta, ní Georgia, ni wọ́n ti bí i, ọmọ-ọmọ Twins Seven-Seven ni. Àwọn tó bá mọ Òṣogbo ò nílò kí wọ́n ṣàlàyé ẹni tí Twins Seven-Seven jẹ́ fún wọn, ayàwòrán tó tún ń kọrin, tó kú lọ́dún 2011. Lọ́dún 1956, bí Azeez bá gbóná bí iná, kò lè wọ Yunifásítì Georgia bí akẹ́kọ̀ọ́, ká má tíì sọ ti bọ́ọ̀lù.

Fáwọn tó fẹ́ràn póìntì púpọ̀, Florida ló jẹ 52 lọ́dún 1997 nígbà tí wọ́n na Florida State tó ní 20. Lọ́dún 2010, Tim Tebow, tiwọn náà, ju bọ́ọ̀lù yáàdì 482 lu Cincinnati. Lọ́dún 2021, Justin Fields ti Ohio State ju mẹ́fà wọlé lu Clemson, wọ́n ní 49 sí 28. Nígbà kan, wọn kì í fẹ́ jẹ́ kí ọmọ dúdú jẹ́ ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, wọ́n ní iṣẹ́ ọpọlọ ni. Fields, ọmọ dúdú láti Georgia ni.

Bobby Grier ńkọ́? Ó wọ iṣẹ́ ológun ojú òfuurufú, ó ṣe é fún ọdún bíi mélòó kan, ó sì padà sí Pittsburgh, ó ṣiṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan níbẹ̀. Sugar Bowl fi orúkọ ẹ̀ sára àwọn ẹni ọlá wọn nígbà tó yá. Ó kú ní ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù kẹfà, ọdún 2024, lẹ́ni ọdún 91.

Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ikú ẹ̀, ó yẹ kí Notre Dame àti Georgia gbá Sugar Bowl lọ́jọ́ kìíní ọdún 2025. Àmọ́ ní òru ọjọ́ náà, ọkùnrin kan fi ọkọ̀ kọlu èrò ní òpópónà Bourbon, ó pa èèyàn mẹ́rìnlá. Wọ́n sún eré náà sí ọjọ́ kejì, ọdún 69 géérégé sí ọjọ́ tí rẹfirí fi ju aṣọ sílẹ̀ nítorí Grier. Notre Dame ló borí ní 23 sí 10. Kóòṣì wọn ni Marcus Freeman, bàbá ẹ̀ jẹ́ èèyàn dúdú, ìyá ẹ̀ jẹ́ ará Kòríà. Lóṣù yẹn kan náà ló di kóòṣì dúdú àkọ́kọ́ tó kó ikọ̀ dé àṣekágbá ife ẹ̀yẹ gbogbo Amẹ́ríkà.